Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn kó tó lọ ra kámẹ́rà

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà lásán ni tèmi, àmọ́ lẹ́tà tí ẹ gbé jáde láti ọwọ́ bàbá kan tó ń wá kámẹ́rà tí á máa fi ya àwọn ọmọ ẹ̀ nílé, àti èsì méjì tí àwọn òǹkàwé fọ̀ sí i, kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní kó wá èyí tí mẹgapísẹ́lì ẹ̀ (iye mílíọ̀nù písẹ́lì, àwọn àmì tóótòòtó tó ń para pọ̀ di fótò) pọ̀ jù tí súùmù ẹ̀ sì gùn jù tí owó ọwọ́ ẹ̀ bá ká. Ẹnì kejì ní kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú, pé fóònù tó wà lápò ẹ̀ ti tó. Àwọn méjèèjì ò purọ́ o, àmọ́ àwọn méjèèjì máa ṣi ọkùnrin yẹn lọ́nà, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ torí mo ti gba ọ̀nà méjèèjì kọjá, owó èmi náà ló sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí bàbá yẹn béèrè. Kò ní òun fẹ́ di ayàwòrán. Kò ní òun fẹ́ ya ẹyẹ lórí igi tàbí òṣùpá lójú ọ̀run. Ó ní kámẹ́rà tí owó ẹ̀ ò ga jù tí kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun á máa fi ya ọmọ tí eyín ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ọmọ tó sùn lórí ìwé, ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń múra sílẹ̀ fún irú fótò bẹ́ẹ̀. Á kàn ṣẹlẹ̀ ni, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ inú ilé, ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́, lábẹ́ gílóòbù. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kámẹ́rà tí wọ́n ń fi mẹgapísẹ́lì polówó máa ń dójú tini.

Ẹ gbọ́ tèmi. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, ara páálí ẹ̀ ni mo ti kà á tí mo fi rà á. Wọ́n kọ 20 mẹgapísẹ́lì gàdàgbà sí i, wọ́n kọ súùmù ìlọ́po 40 sí i, lẹ́ńsì ẹ̀ sì máa ń yọ jáde fàà bí ọrùn ìjàpá. Ẹni tó tà á fún mi nà án sí ilé kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní kí n wò ó bí mo ṣe ń rí àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn wọn. Orí mi wú. Mi ò bi ara mi pé ìgbà wo ni mo fẹ́ máa ya àgádágodo onílẹ̀kùn.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àbígbẹ̀yìn mi pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Alẹ́ ni, nínú pálọ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lókè, a tan àbẹ́là mẹ́ta síwájú ẹ̀, a ní ó yá, fẹ́ ẹ. Mo tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó máa mú, lẹ́ńsì ń lọ síwájú ó ń bọ̀ wá sẹ́yìn, gíì, gíì, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú ẹ̀. Ọmọ wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́ ẹ, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ìgbà yẹn ni kámẹ́rà tó wá dún. Nígbà tí mo wò ó, èéfín ni mo yà. Èéfín mẹ́ta tó ń lọ sókè tẹ́ẹ́rẹ́, àti ìpàkọ́ ọmọ mi tó ti yíjú sí dádì ẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un tàn, wọ́n tún un tàn, ó tún fẹ́ ẹ, tọ̀tẹ̀ yìí wá dà bí ẹni pé abẹ́ omi ni mo ti yà á, ojú ọmọ fà gùn, ọwọ́ ẹ̀ di mẹ́fà. Ìgbà kẹta, ọmọ ní òun ò ṣe mọ́. Fótò tó lé ní ọgọ́rin ni mo yà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣeé wò lónìí, fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi yà á.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ dá a padà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ti bá ayàwòrán ṣiṣẹ́ rí, ló wá fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà yìí ò bàjẹ́ o, iṣẹ́ tí wọn ò rán an lẹ ní kó jẹ́." Ó wá jókòó ṣàlàyé, àlàyé ẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí bàbá yẹn gbọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dá lé. Nínú kámẹ́rà, pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, bí agbada tí èèyàn gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Tí agbada bá fẹ̀, wéré ló ti gba omi tó pọ̀. Tó bá jẹ́ ife, àfi kẹ́ ẹ dúró. Sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú kámẹ́rà mi olọ́rùn ìjàpá yẹn, nǹkan bíi mílímítà 6.2 sí 4.6 ni, kò tó èékánná ìka kékeré. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1 ínǹṣì jẹ́ 13.2 sí 8.8 (ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò pé ínǹṣì kan, àtìgbà túùbù inú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ti ń bá orúkọ yẹn bọ̀). Èyí tí wọ́n ń pè ní APS-C, tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó àárín, jẹ́ bíi 23.5 sí 15.6. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame, 36 sí 24. Ẹ fi òró lu ìbú, ẹ ó rí i pé APS-C fẹ̀ ju ti kámẹ́rà mi àkọ́kọ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 13, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sí ara páálí. Mílíọ̀nù 20 písẹ́lì tí wọ́n wá kó sórí pátákó bín-ín-tín yẹn, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n kó gbogbo ará àdúgbò sórí ẹní kan pé kí wọ́n sùn.

Torí náà ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ mẹgapísẹ́lì yìí lẹ́ẹ̀kan. Fótò tí à ń tẹ̀ sórí bébà, oní 6 ínǹṣì sí 4, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa ní 300 písẹ́lì nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, 1800 lọ́nà 1200 ló máa lò, ìyẹn mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n 4K ńlá tó gba ògiri, 3840 lọ́nà 2160 ni, kò pé mílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀. Kámẹ́rà tó ní 24, tó ń ya 6000 lọ́nà 4000, ti ju ohun tí ilé kankan nílò lọ, kódà ẹ lè gé ìdajì fótò dànù kó ṣì tẹ̀ jáde kedere. Èyí tó ní 12 pàápàá tó. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi owó kún un torí 40 tàbí 60, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ṣé òun ló máa ra ibi tí ẹ máa kó fáìlì ńláńlá yẹn sí.

Lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀, lẹ́ńsì ló kàn, ibí sì ni owó yín ti máa ń so èso jù. Ẹ wo iwájú lẹ́ńsì, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó wà pẹ̀lú lẹ́tà f, tàbí tí wọ́n kọ bíi 1:1.8, 1:3.5-5.6. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó. Ó dojú rú, mo mọ̀, èmi náà jiyàn títí. Lẹ́ńsì tí wọ́n sábà máa ń kó pọ̀ mọ́ kámẹ́rà nínú páálí, 18-55 yẹn (mílímítà ni, nọ́ńbà tó bá pọ̀ ló ń fa nǹkan sún mọ́, èyí tó kéré ló ń gba nǹkan púpọ̀), 3.5 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fa súùmù ẹ̀ dópin ó ti di 5.6, ojú ẹ̀ ti fún nìyẹn. Lẹ́ńsì tó jẹ́ f/1.8 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí 5.6 ń gbà. Ìlọ́po mẹ́wàá! Nínú pálọ̀ kan náà, lábẹ́ gílóòbù kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n dín owó kámẹ́rà kù kí wọ́n fi ra lẹ́ńsì, èyí tí kò ní súùmù, oní 1.8. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà ńlá ló ní in, ó fúyẹ́, ó kéré, kì í sì í wọ́n bíi àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, èmi tún ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Mo gbọ́ tí gbogbo ayé ń yin 50, mo sáré lọ ra 50. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé lórí sẹ́ńsọ̀ APS-C, lẹ́ńsì máa ń rí bí ẹni pé wọ́n fi ìdajì kún un, 50 á máa ṣe bíi 75 tàbí 80, ó ń fa èèyàn sún mọ́ tòun. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi ya àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú yàrá, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, kò gbà wọ́n. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fẹ̀yìn rìn jáde sí kọ́rídọ̀, ti ẹni tó wà létí ṣì gé ní èjìká. Àbúrò mi kọjá, ó wò mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ gba 35, kẹ́ ẹ yéé dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá sin gbèsè." Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí 35. Látìgbà yẹn kò tíì kúrò lórí kámẹ́rà. Tó bá jẹ́ fótò ojú èèyàn nìkan ẹ máa ń yà, 50 dáa, ó dáa gan-an. Nínú ilé, fún ọmọ, 35 ni, àbí 25 tó bá jẹ́ oní Micro Four Thirds, irú kámẹ́rà míì tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti APS-C, tí lẹ́ńsì fi máa ń ṣe bí ìlọ́po méjì nọ́ńbà ẹ̀ lórí ẹ̀.

Kí ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ yìí wà fún? Kó lè yá ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìdá 60 sẹ́kọ́ńdì kan tó. Ọmọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀, tó ń gbọ́n orí, 1/125 àbí 1/160. Ọmọ tó ń sáré yí tábìlì po, ẹ dè é mọ́ 1/250, 1/500 ló tiẹ̀ dáa jù tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Kámẹ́rà tí ò rí ìmọ́lẹ̀ tó kò lè yára tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ pẹ́, ọmọ á sì ti rìn kó tó pa á dé, ibẹ̀ ni ọwọ́ mẹ́fà ti ń wá. Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé ó ní ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró. Òótọ́ ni, àmọ́ gbígbọ̀n ọwọ́ TIYÍN ló ń dá dúró, kò lè sọ fún ọmọ pé kó jókòó. Ohun tẹ́ ẹ máa wò dípò ìyẹn ni bóyá ó lè dá ojú èèyàn mọ̀ kó sì tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó jáde ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ń ṣe é, á gbá ojú ọmọ mú á máa tẹ̀ lé e káàkiri, ẹ̀yin á kàn máa tẹ bọ́tìnì. Tí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ kan tí mi ò lè fi sílẹ̀ mọ́ nínú kámẹ́rà tuntun, òun ni.

Nígbà tí mò ń kùn nípa kámẹ́rà tó lọ́ra, àbúrò mi sọ fún mi pé kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́, tí Steven Sasson ṣe nílé iṣẹ́ Kodak lọ́dún 1975, sẹ́kọ́ńdì 23 ló fi máa ń kọ fótò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, 100 lọ́nà 100 péré sì ni fótò ọ̀hún. Mo ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn ò bí àwọn ọmọ mi nígbà yẹn.

Ó kan ẹni tó ní fóònù ti tó. Mi ò ní bá a jà o, kódà fótò ọmọ gan-an ló bí kámẹ́rà fóònù. Oṣù kẹfà ọdún 1997, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philippe Kahn wà nílé ìwòsàn ní California níbi tí ìyàwó ẹ̀ ti ń rọbí, bó ṣe jókòó níbẹ̀ ló so kámẹ́rà díjítà kékeré pọ̀ mọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà ẹ̀, nígbà tí ọmọ dé ló ya fótò ẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òun ni wọ́n ń kà sí fótò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kámẹ́rà orí fóònù pín kiri. Lójú ọ̀sán, níta gbangba, tí ọmọ bá dúró, fóònù tó dáa ò jìnnà sí kámẹ́rà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lálẹ́ pàápàá, fóònù gbọ́n, á ya fótò bíi mélòó kan léra léra á pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ìgbà tí ọmọ bá ń sáré, fótò tó ń pò pọ̀ yẹn ò bára mu mọ́, ẹ ó rí etí méjì lápá kan. Tẹ́ ẹ bá sì fi ìka fa fótò sún mọ́ra lórí fóònù ju ibi tí lẹ́ńsì ẹ̀ dé lọ, kì í ṣe súùmù lẹ̀ ń ṣe, gígé lẹ̀ ń gé e, ó kàn ń nà án fẹ̀ ni. Ẹni tí àwọn ọmọ ẹ̀ ti dàgbà tí wọ́n máa ń dúró ya fótò, kó fi owó ẹ̀ ṣe nǹkan míì, fóònù tó o. Ẹni tó ní ọmọ ọdún méjì, á padà wá ká mi mọ́lé.

Ìwọ̀n kámẹ́rà ni mo rò pé ó yẹ káwọn ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ lé ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Àbúrò mi yá mi ní DSLR ẹ̀ kan rí, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tó ní dígí nínú, pẹ̀lú lẹ́ńsì gbọ̀ngbọ̀n kan. Fótò ẹ̀ dùn-ún wò, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ èmi tí mo gbé ọmọ sápá kan, tí báàgì ìlédìí wà lápá kejì, ibo ni mo fẹ́ gbé e sí? Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò lórí kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó dá a padà. Látọdún 2008 tí Panasonic ti gbé Lumix G1 jáde, kámẹ́rà tó ń pààrọ̀ lẹ́ńsì tí kò sì ní dígí inú mọ́, ni nǹkan ti fúyẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní mirrorless, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó kù sì ti kọjú síbẹ̀ báyìí. Bátìrì ni wọ́n fi san án. Mirrorless kékeré sábà máa ń ya bíi 300 sí 400 fótò kí bátìrì ẹ̀ tó kú, DSLR á ya ìlọ́po ìyẹn kó tó mí èémí. Ẹ ra bátìrì kejì, ẹ fi sápò, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìmọ̀ràn tèmi fún bàbá yẹn, tí mo bá wà nípò ẹ̀? Mirrorless APS-C tó ti pé ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tó lè dá ojú èèyàn mọ̀, pẹ̀lú 35 oní 1.8. Ẹ má ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, èyí tó jáde ṣáájú ẹ̀ ṣì ń ya fótò bó ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀ nìkan ló wálẹ̀. Tí kò bá fẹ́ wàhálà lẹ́ńsì rárá, kó wá kámẹ́rà kékeré oní sẹ́ńsọ̀ 1 ínǹṣì, irú èyí tí Sony bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RX100 lọ́dún 2012, ó wọ àpò ṣòkòtò, lẹ́ńsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1.8. Tówó bá sì há gan-an, DSLR àlòkù, ẹni tó bá lè gbé e kó gbé e, torí ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń tà á kí wọ́n lè bọ́ sí mirrorless.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi fótò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ tàn yín. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó dà bí okùn aláǹtakùn nínú ẹ̀, olú ti hù síbẹ̀ nìyẹn, ẹ dá a padà fún olówó ẹ̀. Ẹ fún ojú lẹ́ńsì sí f/16, ẹ ya ògiri funfun kan, ẹ wá fẹ̀ ẹ́ wò, ibi tó bá dúdú tóótòòtó, ìdọ̀tí orí sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ṣeé nù, ẹ kàn fi gé owó. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, ti ṣí. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó àárín, bíi 100,000 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, tó bá ti lo 90,000 tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, ẹ ti mọ irú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá ṣòwò.

Fíláàṣì tó wà lórí kámẹ́rà, ẹ pa á. Ó ń gbá èèyàn lójú gbà-á, ó ń sọ iwájú orí di dígí, ojú á sì pọ́n bí ti ẹni tó lọ́tí lára, torí pé ó sún mọ́ lẹ́ńsì jù, ìmọ́lẹ̀ á wọ inú ojú á kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú á sì gba ọ̀nà kan náà padà wá. Tẹ́ ẹ bá máa lò fíláàṣì, ẹ ra èyí tí orí ẹ̀ ń yí, ẹ kọ ọ́ sí òrùlé funfun, ìmọ́lẹ̀ á wá bà lé gbogbo yàrá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èyí tó kàn yìí, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ fáwa aláwọ̀ dúdú dáadáa. Kámẹ́rà kò mọ bí awọ èèyàn ṣe rí. Ohun tó gbà ni pé tí wọ́n bá pò gbogbo àwọ̀ tó wà níwájú òun pọ̀, bí eérú ló máa rí. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ọmọ dúdú síwájú ògiri funfun, á ní háà, ibí yìí mọ́lẹ̀ jù, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ògiri á di eérú, ojú ọmọ á ṣú títí tó fi jẹ́ eyín nìkan lẹ ó máa rí. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n kọ + àti - sí, ẹ gbé e sí +1, ẹ wo bí awọ ara ṣe máa dán. Láyé fíìmù ó tún burú jù báyìí lọ, torí láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé ìfọ̀tò ti ń fi fótò obìnrin aláwọ̀ funfun ṣe òdiwọ̀n àwọ̀, káàdì Shirley ni wọ́n ń pè é, ohun tó bá ti mú kí Shirley dáa lójú lòun náà tọ́ fún gbogbo ayé. Ẹ wo fótò àtijọ́ nílé yín kẹ́ ẹ rí i.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà délé, ẹ ṣètò ọjọ́ àti aago inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun. Èmi kánjú, mo ń tẹ OK, OK, OK títí mo fi kọjá ibẹ̀. Fótò ọdún méjì ló wọlé pẹ̀lú ọjọ́ tí kámẹ́rà bá wá láti ilé iṣẹ́, nígbà tí mo kó wọn sórí kọ̀ǹpútà, àbígbẹ̀yìn mi ti ń rìn kí n tó lóyún ẹ̀. Títí di òní mi ò tíì tò wọ́n tán. Káàdì náà, ẹ má fi gbogbo ayé yín sínú ẹyọ kan, ó máa ń kú láìkìlọ̀, ẹ kó fótò kúrò níbẹ̀ lóṣooṣù sí ibi méjì, kí ọ̀kan nínú ẹ̀ má sì sí nínú ilé kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tó ń dùn mí. Nínú gbogbo fótò tí mo ní láti ọdún mẹ́rin yìí, mi ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ń yà, ta ló máa yà mí? Dádì àwọn ọmọ mi máa ń gbé kámẹ́rà bí ẹni gbé ẹyin, á gé orí mi. Kí bàbá yẹn rí i pé èyí tó máa rà lè bá fóònù sọ̀rọ̀, kó gbé e lé orí tábìlì, kó fi fóònù tẹ̀ ẹ́ láti ibi tó jókòó sí láàárín àwọn ọmọ ẹ̀, àbí kó lo aago sẹ́kọ́ńdì 10 tó wà nínú ẹ̀, kó sáré. Ẹ sọ fún un kó tún fún ìyàwó ẹ̀ náà láyè kó yà á. Àwọn ọmọ á béèrè lọ́la.

Olóòtú, mo fi fótò kan sínú àpòòwé yìí. Ẹ má wulẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kàn fi ránṣẹ́ sí bàbá yẹn tẹ́ ẹ bá mọ ibi tó wà. Àbígbẹ̀yìn mi yẹn náà ni, ó pé méje lọ́jọ́ náà. Pálọ̀ kan náà, gílóòbù kan náà, kámẹ́rà àlòkù, 35, f/1.8, 1/250, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba. Fótò náà ò pé o, etí ẹ̀ ṣe bàìbàì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan gbé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ sí mi níwájú. Àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú, ètè ẹ̀ ti rí róbótó, àbẹ́là mẹ́rin ti kú, mẹ́ta ṣì ń jó, iná wọn sì ti tẹ̀ sí apá kan.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, òǹkàwé yín ọjọ́ pípẹ́